Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fi Rán Ìwé Méjì Pọ̀

“Ìyá Dúpẹ́, ẹ tètè mú ọmọ yín sílé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sátidé tó máa kẹ́yìn oṣù ni àwọn yóò lé àwa tí a wá láti etí òkun kúrò ní Abúlé Òkúta. Dúpẹ́ ló ń dárin fún wọn.”

Ìyá Ẹ̀bùn, ẹlẹ́ja tó wà lójúlé kejì sí wa, ló kìlọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ lánàá. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n gbójú lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Ẹgbẹ́ kékeré kan ni ọmọ mi wọ̀. Kó má baà máa rìn kiri, mo ní kí wọ́n máa ṣèpàdé ní pálọ̀ mi. Ọkàn mi ń balẹ̀ bí mo bá ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní Kọ́múréèdì, gbé ìwé pélébé méjì wá, Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì. Ọ̀kan ní ọmọ ìyá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ayé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọ̀gá. Èkejì ní kí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan lé àlejò jáde, kí alágbára kan sì máa pàṣẹ. Ó ní kí n sọ wọ́n di ìwé Yorùbá kan ṣoṣo.

Mo rí i pé wọn kò bára mu. Mo ka ìwé girama, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. N kò lè ní mi ò rí i. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò kó ìpàdé lọ, ọmọ mi yóò sì tẹ̀ lé wọn. Mo kọ “ará wa” fún òṣìṣẹ́ ayé. Mo tún kọ “ará wa” fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ kan náà. Ìwé náà wá dán, kò hàn pé a rán an.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà mú ìwé ọ̀hún dání lọ da ààrò ẹja Ìyá Ẹ̀bùn wó, ó ní: “Ẹ ní òṣìṣẹ́ ni ará yín. Èmi tí mò ń yan ẹja, ṣé ayò ni mò ń ta? Ẹ ní kò sí ọ̀gá, ẹ wá ń dọ̀bálẹ̀ fún Kọ́múréèdì!”

Dúpẹ́ dáhùn pé, “Ìyá, ẹ kì í ṣe ará wa.”

Ojú fèrèsé ni mo wà. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀bùn bi mí ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo ní n kò mọ̀.

Láàárọ̀ yìí mo lé ẹgbẹ́ náà jáde. Dúpẹ́ di ẹrù rẹ̀, ó bá wọn lọ. Mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Ẹ̀bùn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní Sátidé náà, n óò jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí wọn yóò bá wọlé, ọmọ mi ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ mí kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ gbé àpótí ìjókòó yín, kí ẹ wá bá mi jókòó.