Ẹ Ní Kó Lọ Gba Géèmù Mi Wá

Ẹ má ní kí n jókòó, Àǹtí Tabitha, mi ò jókòó! Àbúrò yín ni mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, bẹ́ẹ̀ ni, Ọlárìndé ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ dàgbà, ẹ̀yin náà lẹ máa gbọ́ ọ. Ó ti gbé géèmù mi fún Tíṣà Kọ́lájọ! Géèmù mi àtijọ́, oní-kásẹ́ẹ̀tì, tí mo ti rà kí ogun tó dé, ó fi ṣe pààrọ̀! Ẹ wá wo ohun tó gbà dípò rẹ̀: ẹ̀rọ kékeré kan báyìí tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ó ní géèmù kan náà ni, wọ́n kàn tún un ṣe ni, àwòrán rẹ̀ ń dán. Ta ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un ṣe?

Ó ní tèmi ń rùn. Ẹ̀n, òórùn ẹja yíyan ló ń rùn, òórùn kí ló fẹ́ kó máa rùn? Ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ níbí tí iyọ̀ òkun ti ń jẹ irin, ibo ni kí n gbé e sí tí kò fi ní dípẹtà? Orí àjà ẹja mi náà ni, ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ooru ti ń rọra débẹ̀. Tíṣà tó ti Ìbàdàn wá rí i láàárín ẹja, ó pariwo, ó ní irú rẹ̀ lòun ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Ọkọ mi wá rò pé òun rí mùgọ̀ mú!

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Ẹ sáà mọ òfin ilé wa: ẹni tí wọ́n bá nà nínú géèmù lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ló máa gbọ́n omi ọkọ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Àbúrò yín ti ń gbọ́n omi láti ọdún mélòó kan wá bí ẹni gba iṣẹ́ ìjọba! Páàdì tí mo máa ń dì mú tẹ̀ yẹn, bọ́tìnnì rẹ̀ kan máa ń lẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ti tuntun yìí, mi ò tíì fọwọ́ kàn án dáadáa, ọmọkùnrin inú rẹ̀ ti fò sí kòtò! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, èmi Jọọlá ni mò ń gbọ́n omi, tí ọkọ mi jókòó sórí pákó ẹnu ọ̀nà, tó ń kọrin ìyìn.

Rárá o, kì í ṣe tìtorí omi nìkan. Ó dùn mí, Àǹtí. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí àwọn ọ̀tá kọ lù wá nígbà ogun odò? Oníkálukú ń gbé ìkòkò, ń gbé ọmọ, èmi gbé géèmù sínú ọkọ̀, ẹ̀yin gan-an bú mi títí a fi dé Ode Mahin. Ọlárìndé ò sì sí pẹ̀lú wa. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko kó tó yọ sí wa! Wọ́n ní àwọn rí ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú dé. Ní ilé ìwé tí a sá sí, mo máa ń bẹ ọ̀gá ilé ìwé kó jẹ́ kí n fi tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tan géèmù mi. Ẹ rò pé eré ni mo fẹ́ ṣe? Kásẹ́ẹ̀tì yẹn máa ń tọ́jú orúkọ ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù. Ọlárìndé ti nà mí lẹ́ẹ̀kan péré kí ogun tó dé, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè téńté. Màá tàn án, màá wo orúkọ yẹn, màá sunkún díẹ̀, màá pa á. Títí dòní, bó ti wù kí n nà án tó, mi ò jẹ́ kí máàkì mi kọjá èyí tó gbà lọ́jọ́ tó nà mí yẹn, kí orúkọ yẹn má baà kúrò níbẹ̀. Ti tuntun yìí ńkọ́? Orúkọ ta ló wà nínú rẹ̀?

Torí náà, ẹ pè é. Ẹ ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń dán lọ bá Tíṣà kí oòrùn tó wọ̀, kó gba géèmù mi wá, tòun ti kásẹ́ẹ̀tì, tòun ti páàdì tó ń lẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò gbọ́n omi mọ́, ọkọ̀ yẹn á rì sí èbúté, mo fi Ọlọ́run búra!

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn fún un o. Há! Ọlárìndé? Tó bá gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, ta ló máa lè bá a gbé inú ilé yẹn? Ẹ kàn sọ fún un pé omi ọkọ̀ ló ń bí mi nínú.