Owó Tí Alájọ Ń Mú Lójú Wa

Nínú takisí láti Paouignan lọ sí Dassa, ìyá kan tó ń ta gàrí àti ọmọ àbúrò rẹ̀ jókòó tì mí. Ọmọ náà ń rọ̀ ọ́:

"Ìyá, ẹ ò ní fóònù, báǹkì sì ń yọ owó àtẹ̀jíṣẹ́ lóṣooṣù! Ẹ kọ̀wé sí wọn. Bí wọn ò bá dá a padà, ilé ẹjọ́ ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré."

"Alájọ wa àtijọ́ náà ń gba tiẹ̀, owó ọjọ́ kan lóṣù. Ṣùgbọ́n ojú wa ló ti ń mú un. Á kí wa tilé-tọmọ, á tún bu gàrí mi jẹ lé e!"

"Ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ń bà yín ni."

"Èmi kẹ̀? Bí mo bá pẹjọ́, ṣé ẹni tó ń yọ ọ́ á jáde wá?"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ rán èèyàn wá."

"Bá mi kọ ọ́, jàre. Ó pẹ́ tí ẹni tó ń gbowó mi ti kí mi kẹ́yìn."