Ẹnu Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìdánwò

Ẹ ní kí n wá gba ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín níyànjú. Ìyànjú kọ́ ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lẹ́nu láti ìgbà tí mo wà ní ipò yín. Màá tu ú jáde lónìí, kí ojú ti ẹni tí ojú bá fẹ́ tì.

Ẹ kúkú mọ̀ pé ẹni tó bá máa gboyè gbọ́dọ̀ mú ẹnu wá síwájú olùdánwò, ẹnu tí èérí ti le bí òkúta nídìí eyín, kí wọ́n rí bó ṣe ń ha á kúrò. Lásìkò tiwa, "Ṣé o ti rí ẹnu?" la fi ń kí ara wa. Èmi rí tèmi nílé. Àbúrò ìyá mi, aránṣọ tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń fi eyín iwájú ìsàlẹ̀ já òwú bí ẹni ń já ewé, ló pè mí: "Dókítà ọ̀la, ìdí eyín mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣé kí n lọ sílé ìwòsàn?" Mo yẹ ẹnu náà wò, inú mi dùn! Mo ní, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èmi ni màá fọ̀ ọ́, níwájú àwọn ọ̀gá mi." Ló bá ń ròyìn fún gbogbo oníbàárà pé ọmọ òun fẹ́ fọ eyín òun.

Ìyẹn ṣì kéré. Wọ́n sún ìdánwò síwájú, ẹ̀rù ń bà mí kí èérí má dín kù. Mo ní kó má fi búrọ́ọ̀ṣì dé ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ mọ́. "Ṣé kò ní rùn, ọmọ mi?" "Kò ní rùn, Àǹtí." Ó rùn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Mo ti ka ohun tó ń bọ̀ wá bá eyín yẹn nínú ìwé, mo sì gba máàkì lórí ẹ̀.

Olùdánwò ní, "Ẹnu tó dára rèé!" Mo ha á mọ́ tónítóní. Bí òkúta náà ṣe kúrò, eyín méjì bẹ̀rẹ̀ sí í mì: èérí ti jẹ egungun tó dì wọ́n mú tán, òkúta ló kù tó so wọ́n pọ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n bọ́ sí i lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu: "Ó kúkú mọ́ kó tó lọ."

Ìwé ẹ̀rí mi ṣì wà lára ògiri. Mi ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó yin ẹnu yẹn láìbi ẹni tó ni ín ní ìbéèrè kan. Àǹtí nìkan ni mo jẹ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀, ìlú òkèèrè ni mo sì wà nígbà tó kú. Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó fi okùn so sísọ́ọ̀sì kékeré kan kọ́rùn. Òun ló fi ń gé òwú.

Ẹnu tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lónìí, ẹ tọ́jú ẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá tìtorí ẹ̀ fìdí rẹmi, ẹ fìdí rẹmi.