Sójà Tó Ń Kọ́ Afárá Tó Tún Ń Fọ́ Ọ

Orí ìlà àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu obìnrin méjì tó wà níwájú mi. Sójà kan fẹ́ fi ọmọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ṣaya.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti dá àwọn ẹbí sójà náà lóhùn?" ni àbúrò bi í.

"Ohùn wo? Mo bi ọmọkùnrin náà pé kí ló ń ṣe nínú iṣẹ́ sójà. Ó ní ẹnjiníà lòun, afárá làwọn ń kọ́. Inú mi dùn. Àfi bó ṣe ní bí ogun bá le, àwọn náà ló ń fọ́ ọ."

"Afárá tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́?"

"Òun gan-an! Ó ní kí ọ̀tá má baà gbà á kọjá. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Afárá tí wọ́n kọ́ nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba orí rẹ̀ dòní. Ṣé ọkọ tó ń kọ́ tó ń fọ́ ni kí n fọmọ mi fún?"

"Nígbà tí wọ́n bá ń fọ́ ọ, ṣé àwọn fúnra wọn ti kọjá?"

"Wọ́n á ti kọjá, wọn kì í ṣe wèrè."

"Ẹ jẹ́ kó kọjá sọ́dọ̀ wa ná, kó wá fọ́ ọ. Ibo ló fẹ́ gbà padà?"

Mo yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò síwá sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí mo lè ti já a nírọ́. Ẹ̀gbọ́n náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó bojú wo ọ̀sà tó tẹ́ lọ níwájú wa.

"Àbúrò, tó bá mọ odò wẹ̀ ńkọ́?"