Àǹtí Wá-Wò-Ó Pè Mí, Mi Ò Yíjú

Ẹ pa ìwé yín dé. Ẹ̀kọ́ tí ẹ bá wá sí pálọ̀ mi lónìí ò ní wáyé. Mo mọ̀ pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì nínú yín ń bọ̀ láti ìdí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹlòmíì láti yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí gbogbo yín sì fẹ́ di apòògùn bí èmi náà ṣe dà á. Ẹ wá kọ́ ohun tí ẹ máa sọ níwájú àwọn tó ń gbani wọlé. Èmi náà lóhun tí mo fẹ́ sọ, kò sì lè dúró mọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn, mo ti sùn títí, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, ó ti jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, òun gan-an ló ń dúró de òótọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn mi, ẹlòmíì tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì kan wà tí kò fara balẹ̀, ó fún bàbá aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ tó pọ̀ jù, bàbá kú. Nọ́ọ̀sì kejì, ìyẹn èmi, rí i, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó ní òun máa lọ kọ́ṣẹ́ òògùn kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìtàn yẹn ló mú mi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn. Òun náà ni mo fi ń kọ́ yín pé, "Ẹ má sọ pé iṣẹ́ ló sú yín, ẹ sọ ohun tó dùn yín." Ó dáa. Abẹ́rẹ́ yẹn wáyé lóòótọ́, bàbá náà sì kú lóòótọ́. Ìyókù, èmi ni mo fi ẹnu mi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sú mi ni. Ẹ̀yìn ń dùn mí, àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta mí. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi yí ìrọ̀rí." "Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ tọ̀." Dókítà tí kò tó àbúrò mi lọ́jọ́ orí á máa jágbe mọ́ mi níwájú àwọn tí mo wẹ̀ fún láàárọ̀. Tí mo bá wá sọ̀kalẹ̀ lọ gba òògùn, màá rí apòògùn wa lẹ́yìn wíńdò rẹ̀, lórí àga, tí fáànù ń fẹ́ ẹ, tí ẹnikẹ́ni ò lè na ọwọ́ kàn án. Àga yẹn ni mo fẹ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, torí àwọn kan wà nínú yín tó jẹ́ pé àga yẹn náà lẹ ń wò.

Ní wọ́ọ̀dù wa, ẹnì kan kì í dá fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ tó bá lè pani. Ẹni tó fa òògùn náà máa pe ẹnì kejì, onítọ̀hún á wo ìgò, á wo abẹ́rẹ́, á wá sọ pé, "Ó pé." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ mọ bó ṣe ń rí tí èrò bá pọ̀. "Ó pé" á di ohun tí a kàn ń sọ láti ibi tí a wà, bí ẹni ń dáhùn ìkíni. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà bẹ́ẹ̀, àǹtí kan tó ṣáájú mi lẹ́nu iṣẹ́, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rí iṣan lápá ọmọ ọwọ́. "Wá wò ó o. Jọ̀ọ́, wá wò ó." Àfi kó o fojú ara rẹ rí i. La bá sọ ọ́ ní Àǹtí Wá-Wò-Ó. A máa ń sín in jẹ tí a bá ń jẹun, òun náà á sì bá wa rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹ máa ṣe mí lọ. Ojú tèmi nìkan ò tó mi í gbọ́kàn lé."

Bàbá tí mò ń wí, télọ̀ ni, ìtọ̀ ṣúgà ló gbé e wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rí mi, ó wo ìṣẹ́tí aṣọ iṣẹ́ mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ta ló rán èyí fún yín? Ẹni náà ò fẹ́ràn yín." Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àkókò abẹ́rẹ́ ṣúgà rẹ̀ tó. Sírínjì kékeré tí a máa ń fi wọn òògùn náà ti tán, Àǹtí sì fi ti ńlá fà á. Ó gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n lè rí i. "Wá bá mi wò ó o. Èyí kọ́ ni mo máa ń lò, ọwọ́ mi ò dá mi lójú." Mo jókòó sẹ́yìn tábìlì, ìwé kẹ́mísírì wà lórí itan mi, torí ìdánwò àtiwọlé ti sún mọ́. Mo gbọ́ ọ kedere. Mi ò yíjú. Mo ní, "Ó pé, Àǹtí." Ó ní, "Ṣé o wò ó?" Mo ní, "Mo ti wò ó." Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó gún un. Ohun tó fà fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ohun tí dókítà pa láṣẹ lọ. Bàbá télọ̀ kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n pe ìgbìmọ̀. Wọ́n bi Àǹtí pé ta ló bá a wò ó, ó tọ́ka sí mi, kò tilẹ̀ bínú. "Mo pè é, ó sì dá mi lóhùn." Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá fi lè ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ẹ̀kọ́ òògùn ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo ní, "Rárá o, kò pè mí." Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní, "Wá-Wò-Ó? Ẹni tí kì í fún èèyàn ní páńádọ̀ láìpariwo?" Mo mi orí bí ẹni tó ń ṣàánú, mo ní, "Ó jọ pé ó ti rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà ni, mà." Ẹ gbọ́ mi bí? Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tutọ́ funfun jáde. Àǹtí wò mí. Kò ṣépè. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ?" Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tíì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì padà títí dòní.

Ẹ rò pé mo dúró síbẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n bi mí níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé kí ló dé tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ohun tí mo há sórí ò wọ̀ wọ́n létí. Ìyá kan láàárín wọn tilẹ̀ ń yán. Mo rí i pé mo ti ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ni mo bá gbé Àǹtí sílẹ̀ níwájú wọn. "Alábàáṣiṣẹ́ mi kan wà," mo ní, "tí kì í fara balẹ̀." Mo sunkún. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Omi ń dà lójú mi, mo sì ń wò ó bóyá ìyá yẹn ti yé yán. Wọ́n gbà mí. Mo di apòògùn, mo jókòó sórí àga náà, fáànù fẹ́ mi títí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín wá dánra wò níwájú mi. Mi ò ní tọ́ka sí i, kó fọkàn balẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tó fi fẹ́ yí iṣẹ́ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn mi bíi pé òun ló ṣẹlẹ̀ sí. Ó tún fi iyọ̀ sí i: ó ní nọ́ọ̀sì náà ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ó sunkún níbi tí mo máa ń sunkún gan-an. Mo ní, "Ṣé o mọ nọ́ọ̀sì yìí?" Ó ní, "Rárá, mà. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n ni?" Mi ò bá a wí. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a wí?

Mo wá Àǹtí lọ. Ó ń bá àwọn tó ń lọ síṣẹ́ tọ́mọ nínú yàrá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Dìde, wàá jí ọmọ." Lẹ́yìn náà ó ní, "Má bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀. Ibi tó o ti ń pa irọ́ yẹn, ibẹ̀ ni kó o ti sọ òótọ́. Màá wá wò ó." Ìyá tó jókòó nídìí ilẹ̀kùn yẹn, tí ẹ rò pé ó ń bá mi tún ilé ṣe, tí ọ̀kan nínú yín ní kó bá òun bu omi wá, òun ni.

Àǹtí, ó ku ẹyọ kan tí ẹ̀yin náà ò mọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ gún abẹ́rẹ́ náà, tí ẹ kọjá sí yàrá kejì, bàbá télọ̀ pè mí. Òógùn ti bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ebi ń pa mí. Ebi yìí ò jọ ebi." Kò sí nọ́ọ̀sì tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ṣúgà ara rẹ̀ ti ń lọlẹ̀, kí wọ́n sáré fún un ní nǹkan dídùn mu. Ṣúgà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ ní sùúrù, oúnjẹ ń bọ̀." Mo ṣí ojú ìwé tó kàn. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, kò pè mí mọ́. Láti ìgbà yẹn lẹ ti rò pé ọwọ́ yín ló pa á. Èmi ló pè kẹ́yìn, èmi ni mo jẹ́ kó kú.

Ẹ̀yin ọmọ, tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ pé iṣẹ́ ló sú yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, kí wọ́n má gbà yín sì sàn ju kẹ́ ẹ fi irọ́ wọlé lọ. Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ wá wò ó, ẹ dìde nílẹ̀. Lọ́la, màá lọ bá àwọn tó gba ìwé àṣẹ Àǹtí, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n gba tèmi. Láti ibẹ̀, màá lọ bá àwọn ọmọ bàbá télọ̀. Ẹ bá mi bẹ Àǹtí. Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Mo rí i tí ẹ ń dìde. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀ tàbí ilé lẹ ń lọ, èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe tọ́ sí mi. Àmọ́ mo ti yíjú báyìí, Àǹtí. Mò ń wò yín.