Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Pákó Ààrò Mi

Ẹ má fún mi lómi mọ́. Ẹ jókòó. Pásítọ̀ ti gbàdúrà tán, Oighrig ìyàwó mi ti lọ sọ́run, ó wá ku èmi àti ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ọdún mọ́kànlélógójì. Mi ò lè gbé e wọ sàréè. Peigi, sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì; ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ yìí bá wí.

Gbogbo yín lẹ mọ ààrò ìyáná tó wà lára ògiri pálọ̀ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kàn án: òpó méjì lọ́tùn-ún lósì, pákó gbọọrọ kan dábùú lórí wọn, tí Oighrig ń to àwo sí. Ẹ máa ń yìn mí pé, "Torcuil, ọwọ́ rẹ mà dáa o." Ní erékùṣù tí igi kì í hù, tó jẹ́ òkun ló ń gbé pákó wá fún wa, ó yẹ kí ẹ bi mí níbi tí mo ti rí i. Calum tó dúró síbí yìí nìkan ló béèrè. Mo ní àjà ilé bàbá mi ni mo tú. Irọ́ ni.

Ìdájí ọjọ́ Ìsinmi ni mo rí i létíkun, lọ́sẹ̀ tí ọkọ̀ Fionnlagh, ọkọ Peigi, kò padà wálé pẹ̀lú àwọn méjì tó bá a lọ pẹja. Ẹ mọ òfin wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi a kì í ká aṣọ lórí okùn, ká má tiẹ̀ wá sọ pé ká wọ́ igi. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n fi mí ṣe alàgbà ìjọ. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ fún ìgbì. Mo wọ́ ọ sínú ahéré, mo fi koríko bò ó, mo lọ jókòó níwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń kọ Sáàmù. Mi ò tiẹ̀ bi ara mi pé ara ọkọ̀ wo ni pákó yẹn ti já wá. Àgbàyà ni mí.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo ti rẹ́ ẹ dọ́gba, mo ti fá ojú kan, ni mo bá yí i padà láti ha yanrìn tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi kọ́ sí nǹkan. Lẹ́tà ni, ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé e: "A yè, àwa mẹ́ta. A wà ní Àpáta Ẹyẹ. Fionnlagh." Ẹ mọ Àpáta náà, òkìtì òkúta àárín òkun tí a ti ń lọ pa ọmọ ẹyẹ òkun jẹ lọ́dọọdún.

Oighrig dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Sáré lọ pe àwọn èèyàn."

Mo ní, "Kí n ní ibo ni mo ti rí i? Calum ti gbọ́ pé igi bàbá mi ni."

"Sọ pé o parọ́."

"Alàgbà tó rú òfin Ìsinmi, tó tún parọ́? Ìwọ náà ni wọn yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí kànga." Ẹ má bú òkú. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Mo kan pákó náà mọ́ ògiri, mo sì kọjú ọ̀rọ̀ yẹn sí òkúta.

Lọ́jọ́ kọkànlá tí ọkọ̀ wọn ti sọnù, Peigi wọ ìpàdé ìjọ. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kan lọ wo Àpáta Ẹyẹ. Ọkàn mi ò gbà pé Fionnlagh kú." Òkun ń ru. Gbogbo wọn wo ojú alàgbà tuntun. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé, "Arábìnrin wa, gba kámú. Ká má fi alààyè mẹ́fà wá òkú mẹ́ta." Wọ́n ní ọgbọ́n ni mo sọ.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, a lọ pa ọmọ ẹyẹ ní Àpáta bí ìṣe wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ahéré olókùúta tí a máa ń sùn sí níbẹ̀. Òkú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, wọ́n fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Fionnlagh ti fi ọ̀bẹ ya ìlà ọjọ́ sára òkúta: mẹ́tàlélógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ méjìlá gbáko ni wọ́n fi ń wo ojú omi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ìpàdé. Kí àwọn tó kù tó wọlé, mo fi ẹrẹ̀ pa ìlà yẹn rẹ́. Mo ní ó jọ pé òtútù pa wọ́n lọ́jọ́ kìíní, kí Peigi lè rójú sùn. Irọ́ tún ni. Ara mi ni mo ń gbà sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni pákó yẹn ti ń làágùn. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò: omi iyọ̀ ni. Bí iná bá ti ràn, nǹkan a máa gé igi lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo tú u lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé eku ni. Kò sí eku. Ojú lẹ́tà náà funfun báláú, èérún igi tútù sì wà nílẹ̀. Ìwọ náà gbọ́ ọ, Peigi. O wá yáná, o gbé etí lé e, o ní, "Bọ̀dá Torcuil, ta ló wà nínú ògiri yín?" Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Oighrig ò dáná níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ká yín mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Kí ojú tì yín, kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín, ẹ fara mọ́ ọn. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí mo fi pamọ́ ló pa ọkùnrin mẹ́ta.

Peigi, mo bẹ̀ ọ́, má tíì dá mi lóhùn. Jẹ́ kí Calum tú pákó yẹn fún ọ, kí o fi ojú ara rẹ kà á. Lẹ́yìn náà, bí o bá ṣì lè wọ yàrá yìí, mò ń retí rẹ. Bí o ò bá sì lè wọ̀ ọ́, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí gbogbo wọn máa bá ọ lọ.