Àwọn Alágbàáru Inú Férémù

Nínú takisí tó gbé wa láti Notsé lọ sí Atakpamé, ìyá àgbà kan gbé àwòrán oníférémù sórí itan: èbúté odò kan láyé àtijọ́, tí wọ́n fi yíǹkì dúdú tẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi àti alágbàáru kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ọkùnrin tó jókòó tì í bi í pé ibo ló ń gbé e lọ.

"Mò ń dá a padà fún ọmọ mi tó fi ta mí lọ́rẹ. Ohùn mi ti ń há nítorí ẹ̀."

"Nítorí àwòrán, Ìyá?"

"Ṣé o ò rí wọn ni? Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́! Bí mo bá ń lọ sí ilé ìdáná, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá ń bọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n máa ń dáhùn?"

"Pẹ̀lú ẹrù tó wà lórí wọn yẹn?"

"Bí ẹ bá kọjá láìkí wọn, ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi ńkọ́? Ṣé èmi ò sí níbẹ̀ ni?"

Awakọ̀ pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Ní Datcha, ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó rìn díẹ̀. Ló bá sáré padà, ó ki orí bọ fèrèsé, ó wo inú férémù náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ìyá bá wọn dáhùn: "Oo, o ṣé o, ọmọ mi. Ẹrù ló wà lórí wọn."